Ẹ Kọ Owó Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀mọ̀wé Yóò Máa Gbà Sínú Lẹ́tà Ìgbàwọlé Rẹ̀

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ẹ̀yin àti gbogbo òǹkàwé ìwé ìròyìn yín. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kan àwọn tí yunifásítì ìjọba ń gbà wọlé láti kẹ́kọ̀ọ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé, ó sì kan owó tí wọn yóò fi jẹun, tí wọn yóò fi wọkọ̀, tí wọn yóò sì fi ṣe ìwádìí láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti fẹsẹ̀ kan ọgbà. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ni nípa ilẹ̀ ọ̀gbìn ní yunifásítì ìjọba kan. Mo ti ṣe alábòójútó fún àwọn tó gba oyè náà, mo sì ti ṣe alábòójútó fún àwọn tí kò rí i gbà. Àwọn tí kò rí i gbà yìí ni ó mú mi gbé kálàmù.

Bí yunifásítì bá gba ènìyàn wọlé fún oyè ọ̀mọ̀wé, lẹ́tà ni wọ́n máa ń kọ sí i. Lẹ́tà náà a máa dárúkọ ẹ̀ka tí yóò ti kẹ́kọ̀ọ́, a máa sọ iye ọdún tó kéré jù tí yóò lò, èyí tí í ṣe ọdún mẹ́ta fún ẹni tó bá fi gbogbo àkókò rẹ̀ kàwé, a sì máa to iye owó tí ó gbọ́dọ̀ san àti ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ san án lẹ́sẹẹsẹ. Mo ti ka irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, nítorí pé àwọn ọmọ máa ń mú un wá hàn mí tayọ̀tayọ̀. Nínú gbogbo èyí tó ti kọjá lọ́wọ́ mi, n kò tíì rí ẹyọ kan tó sọ iye tí yunifásítì yóò máa fún akẹ́kọ̀ọ́ náà lóṣooṣù, tàbí iye tó wà nílẹ̀ fún ìwádìí tí wọ́n gbà á wọlé láti ṣe.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé ìbéèrè kan wá sọ́dọ̀ mi tí mo mọ̀ pé gbogbo ìlú ló yẹ kó máa béèrè. Ó fẹ́ mọ iye òjé, irin olóró nì, tó wà nínú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ewédú tí àwọn ènìyàn ń gbìn sí etí odò àti etí títì nílùú Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ń fi omi odò ẹlẹ́gbin rin nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ètò tí a jọ ṣe ni pé yóò bu ilẹ̀, yóò bu omi, yóò sì já ẹ̀fọ́ ní ogún oko, lójò àti lẹ́ẹ̀rùn, fún ọdún méjì gbáko, nítorí pé ohun tí àgbàrá òjò bá wọ́ wá kì í ṣe ohun tí ẹ̀ẹ̀rùn máa ń fi sílẹ̀. Láti ọdún kìíní ni ó ti ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ girama aládàáni kan láàárọ̀, tí ó ń lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nínú ilé wọn nírọ̀lẹ́, tó fi jẹ́ pé ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan ni ó ń ráyè dé oko. Nígbà tí ó di pé kí a gbé ilẹ̀ àti ẹ̀fọ́ náà lọ síbi tí ẹ̀rọ tó ń ka òjé wà, wọ́n dá owó lé ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ sì ju ohun tí ó ń gbà ní oṣù mẹ́ta lọ. Bí oko ogún ṣe di méje nìyẹn. Ọdún méjì náà sì di ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo. Ọdún mẹ́jọ ni ó lò kí ó tó gba oyè rẹ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, inú mi sì dùn sí i gidigidi. Ṣùgbọ́n títí di òní olónìí, bí ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ lọ́jà Bódìjà bá bi mí bóyá ewu wà nínú ẹ̀fọ́ tí òun ń rà létí odò nígbà òjò, n kò ní èsì tí mo lè fún un, nítorí apá ibi tí èsì náà wà nínú iṣẹ́ ọmọ yìí ni a gé kúrò.

Èyí ni ó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan rò pé bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá rówó, òun nìkan ni ìyà ń jẹ. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìwádìí gan-an ni ó ń rù. Ẹni tó yẹ kó lọ gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ ní Ṣakí, tàbí ní Kétu ní ilẹ̀ Benin, yóò jókòó sí Agbowó, yóò máa pín ìwé ìbéèrè fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí pé kò rówó ọkọ̀. Ẹni tó yẹ kó tọ́jú irúgbìn fún sáà mẹ́ta yóò lo sáà kan. Bí a bá wá kó gbogbo àpilẹ̀kọ wọn jọ sórí pẹpẹ ìwé, wọn yóò dà bí iṣẹ́ tó pé, àwa tí a bójú tó wọn nìkan ni a mọ ibi tí a ti gé e.

Ẹ jẹ́ kí n tún fi èyí kún un, nítorí àwọn tí kò sí nínú ọgbà yunifásítì lè má mọ̀ ọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé kì í ṣe ọmọ ilé-ìwé tí a kàn ń kọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Òun ni ó ń dúró ti àwọn ọmọ ọdún kìíní nínú yàrá àyẹ̀wò kí wọ́n má baà da kẹ́míkà sára. Bí kíláàsì kan bá ní akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀ọ́dúnrún, òun ni ó ń bá olùkọ́ ka ìwé ìdánwò. Púpọ̀ nínú ìwádìí tí àwa olùkọ́ ń fi orúkọ wa sí, ọwọ́ rẹ̀ ni ó ti jáde. Iṣẹ́ ni gbogbo èyí, ẹni tó sì ń ṣe é ń sanwó ilé-ẹ̀kọ́ fún yunifásítì kan náà tí ó ń bá ṣiṣẹ́.

Kì í ṣe báyìí ni èmi ṣe kẹ́kọ̀ọ́ tèmi, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Wọ́n ti gbà mí síṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ oyè ọ̀mọ̀wé. Owó oṣù náà kò pọ̀, ìdaṣẹ́sílẹ̀ sì máa ń dá a dúró nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ń bọ̀, mo sì fi ọkàn balẹ̀ ṣe iṣẹ́ mi. Lónìí, ẹ̀ka tí ó bá rí ẹyọ olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ kan gbà láàárín ọdún mélòó kan, ó ti ṣe oríire. Àwọn ọmọ tó mú ìwé ju èmi lọ nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí wọn wà níta, wọn kò rí ilẹ̀kùn tí èmi gbà wọlé.

Owó wà ní orílẹ̀-èdè yìí fún ẹ̀kọ́ gíga, ìwọ̀n tí ó sì wà kì í ṣe kékeré. Ọdún 1993 ni òfin owó orí ẹ̀kọ́ jáde, ní ọdún 2011 ni àjọ tó ń ṣàkóso rẹ̀ sì di TETFund. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà ni ó máa ń san owó yìí nínú èrè wọn. Ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ni níbẹ̀rẹ̀, òfin ọdún 2021 sọ ọ́ di 2.5, òfin ọdún 2023 sì gbé e dé 3, kí owó orí ìdàgbàsókè tó rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 2026, èyí tí TETFund ṣì ń rí ìpín gbà nínú rẹ̀. Owó TETFund yìí ni a fi ń kọ́ ilé, tí a fi ń ra ẹ̀rọ, tí a sì fi ń rán àwọn olùkọ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá di ti oyè ọ̀mọ̀wé, olùkọ́ tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba ni TETFund ń san owó fún. N kò bẹnu àtẹ́ lu ìyẹn. Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lórí àwọn yunifásítì ìjọba ní ọdún 2012 rí olùkọ́ 37,504, àwọn tó ní oyè ọ̀mọ̀wé nínú wọn kò sì tó ìdajì, nítorí náà ó tọ́ bí a bá bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ètò yìí fi ilẹ̀kùn kan sílẹ̀ láìṣí. Kí o tó rí owó kẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé, o gbọ́dọ̀ ti jẹ́ olùkọ́. Kí o tó di olùkọ́, wọn yóò bi ọ́ pé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ dà. Ọmọ tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan nínú méjèèjì, ibo ni kí ó gbà?

Owó tí ìjọba ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́, èyí tí òfin rẹ̀ jáde ní ọdún 2024, kò ṣí ilẹ̀kùn yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé kò sí lára àwọn tí a ń yá. Bí ó bá tilẹ̀ wà níbẹ̀, n kò ní fẹ́ kí ó yá a. Ẹni tó ń lọ sí ọgbọ̀n ọdún, tó ti lè ní aya tàbí ọkọ àti ọmọ, kò yẹ kí ó jẹ gbèsè ọdún mẹ́rin nítorí pé ó ń bá ìlú wá ìdáhùn sí ìbéèrè ìlú.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò le. Kí yunifásítì ìjọba kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú owó TETFund, ya àyè mélòó kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé tuntun tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ibẹ̀, kí wọ́n má gba owó ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n máa fún wọn ní owó oṣooṣù fún ọdún mẹ́rin, kí wọ́n sì ya owó ìwádìí sọ́tọ̀ gedegbe kúrò lára owó oúnjẹ. Pàtàkì jù lọ, kí gbogbo rẹ̀ wà lákọsílẹ̀ nínú lẹ́tà ìgbàwọlé kí ọmọ náà tó fọwọ́ sí i. Owó tí a bá fún ènìyàn lọ́dún kẹta gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn nítorí pé ó ṣe dáadáa dára, ṣùgbọ́n kò lè ran ẹni tó ti lọ lọ́dún kìíní lọ́wọ́. Àwọn bàbá wa mọ èyí. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ń fi owó kòkó rán àwọn ọmọ lọ kàwé, owó náà ti wà nílẹ̀ kí ọmọ tó wọ ọkọ̀ ojú omi, ìyá rẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó tó sìn ín dé èbúté.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin láti ọdún 2024 ni ₦70,000. Kí a sọ pé a fún akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé ní ₦150,000 lóṣù, èyí tí kò ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ púpọ̀. Bí yunifásítì kan bá ń gba ènìyàn ogún lọ́dọọdún, ti ogún àkọ́kọ́ jẹ́ ₦3,000,000 lóṣù, tàbí ₦36,000,000 lọ́dún. Bí ètò náà bá pé ọdún mẹ́rin tí ọgọ́rin akẹ́kọ̀ọ́ sì wà nínú rẹ̀, ₦144,000,000 ni yóò máa ná yunifásítì kan lọ́dún. Owó tí TETFund pín fún yunifásítì ìjọba kọ̀ọ̀kan fún ọdún 2025 lé ní bílíọ̀nù méjì náírà. Nínú náírà mẹ́wàá, ohun tí mo ń béèrè kò tó náírà kan. Owó ìwádìí yóò gún lé e lóòótọ́, pàápàá fún àwa tí a ń lo ẹ̀rọ àti kẹ́míkà, ṣùgbọ́n bí a bá tilẹ̀ fi ìdajì kún un, kò tíì dé ibi tí a fi lè sọ pé apá wa kò ká a.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní, ṣé kí a máa tọ́jú wọn kí wọ́n lè jápa ni? Ìbéèrè náà tọ́, n kò sì fẹ́ fò ó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, TETFund dá rírán àwọn olùkọ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ lókè òkun dúró, nítorí pé àwọn kan lọ tí wọn kò padà wá, tí owó dọ́là náà sì ti wọ́n kọjá agbára. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo àwọn tí ọ̀rọ̀ yẹn bá wí: àwọn tí a fi owó wa gbé dé ẹnu ọ̀nà ìlú mìíràn ni. Ẹni tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ń fẹ́ jókòó síbí. Ìwádìí rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ yìí, àwọn tí yóò bi ní ìbéèrè wà níbí. Bí ó bá sì lọ, nítorí pé lẹ́tà tó ti ọ̀dọ̀ yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà tàbí Kánádà wá kọ iye owó oṣù sí i, tí tiwa sì kọ iye tí yóò san sí i ni. Mo ti gbé lẹ́tà méjèèjì sórí tábìlì mi rí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí ọmọ náà sì jókòó níwájú mi. Kí ni mo lè sọ fún un tí n kò ní fi parọ́? Owó tí TETFund kò ná sí òkè òkun mọ́ yìí gan-an ni mo fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a fi bẹ̀rẹ̀ nílé.

Kì í ṣe ohun tí a kò rí rí ni mo ń sọ. Nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn gan-an ni Pan African University, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Áfíríkà dá sílẹ̀, ní ẹ̀ka kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìmọ̀ ohun alààyè àti ti ilẹ̀ ayé, wọ́n sì ń gba akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè Áfíríkà wọlé pẹ̀lú owó àtìlẹ́yìn. Ní IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn àgbáyé tó ti wà ní Ìbàdàn láti ọdún 1967, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wa ń ṣe ìwádìí oyè wọn lábẹ́ owó àtìlẹ́yìn, ẹni tó bá sì bá wọn pàdé yóò mọ ìyàtọ̀: wọ́n ń wà níbi iṣẹ́ wọn lọ́jọ́ Ajé, wọ́n sì ń wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ní Brazil, níbi tí ẹ̀jẹ̀ wa wà ní Bahia, ìjọba ti dá àjọ méjì, CAPES àti CNPq, sílẹ̀ láti ọdún 1951, àwọn ni ó sì ń san owó oṣù fún akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé. Mo fi tiwọn ṣe àpẹẹrẹ nítorí àṣìṣe wọn pẹ̀lú. Láti ọdún 2013 títí wọ ọdún 2023, reais 2,200 ni owó náà, kò yẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọjà ń gbówó lórí lọ́dọọdún. Ìgbà tí ọdún mẹ́wàá pé ni ìjọba tó sọ ọ́ di 3,100. Ní Britain, ọdọọdún ni àjọ ìwádìí ìjọba ń kéde iye rẹ̀ tuntun, pọ́n-ùn 20,780 ni fún ọdún 2025 sí 2026. N kò ní kí a san iye tí Britain ń san. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n àwa tí a rí bí ọjà ṣe rí láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo lọ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 mọ̀ pé iye tí a bá kọ sínú òfin tí a kò sì tún wò lọ́dọọdún yóò di owó ọkọ̀ kí ọmọ náà tó dé ọdún kẹrin.

Ọ̀rọ̀ kan kù lórí bí a ó ṣe yàn wọ́n. Ẹ̀rù ń bà mí, kí n má purọ́, pé bí owó bá ti wà nídìí rẹ̀, káàdì àwọn ọlọ́lá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọ́fíìsì wa. Nítorí náà, kí máàkì àti ètò ìwádìí tí ọmọ náà kọ ni ìgbìmọ̀ yóò wò, kí ẹnì kan láti yunifásítì mìíràn wà nínú ìgbìmọ̀ náà, kí a sì lẹ orúkọ àwọn tó wọlé mọ́ ara ògiri pẹ̀lú àkòrí ìwádìí wọn kí gbogbo ènìyàn lè kà á. Lọ́dọọdún, kí ọmọ náà wá sọ ohun tó ti ṣe, kí ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ kúrò nídìí owó náà. Kí wákàtí tí yóò fi kọ́ni lọ́sẹ̀ má ju mẹ́fà lọ, nítorí mo mọ àwa olùkọ́, a lè fi gbogbo iṣẹ́ wa rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Kí owó náà sì máa wọ àpò ìfowópamọ́ ọmọ náà tààrà. Gbogbo wa ni a gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ wa tí ìjọba àpapọ̀ rán lọ sí Rọ́ṣíà, Mòrókò àti àwọn ìlú mìíràn lábẹ́ àdéhùn láàárín orílẹ̀-èdè, tí wọ́n wà nílùú onílùú fún ọ̀pọ̀ oṣù láìrí owó oúnjẹ gbà. Bí a kò bá lè san ti ogún ènìyàn, kí a gba mẹ́wàá. Bí a kò bá lè san ti mẹ́wàá, kí a gba márùn-ún, kí àwọn márùn-ún náà sì rí tiwọn gbà lóṣooṣù.

Mo ń kọ èyí nítorí pé lẹ́tà tuntun kan ti tún dé orí tábìlì mi. Ọmọbìnrin kan láti agbègbè Ìṣẹ́yìn ni, àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, òun ni ó sì gba ipò kìíní nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà tó gba oyè kejì. Ó fẹ́ ṣe ìwádìí ìdí tí ilẹ̀ fi ń ṣá lábẹ́ ẹ̀gẹ́ ní apá Òkè-Ògùn, àti ohun tí àgbẹ̀ tí kò lówó ajílẹ̀ lè ṣe sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni lẹ́tà náà fún un láti san owó àkọ́kọ́, báǹkì kan ní Èkó sì ti ní kí ó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú oṣù tó ń bọ̀. Ó jókòó síwájú mi, ó ní, "Mà, èwo ni kí n mú?" Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni yóò padà wá gbọ́ èsì lẹ́nu mi.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,

Olùkọ́ àgbà kan ní yunifásítì ìjọba,
Ìbàdàn.